Ìtẹ́wọ́gbà Kì í Ṣe Ìkáwọ́gbera

Ẹ̀yin ará mi, nínú gbogbo ilẹ̀ etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bóyá ni a lè rí ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú ìtàn ìjọ wa bí ti Sàró. Láti ibẹ̀ ni àwọn baba wa tí a ti kó lẹ́rú ti padà wá sí Bàdágírì àti Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni a gbé sọ Àjàyí ọmọ Òṣoògùn kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 1822. Níbẹ̀ ni a ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, tí ó di Samuel Crowther. Níbẹ̀ náà ni ó sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827. Nítorí náà bí mo bá mú yín lọ sí Sàró ní alẹ́ yìí, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì ni mo mú yín lọ. Ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ kò sì jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Òun ni pé: báwo ni ènìyàn yóò ṣe ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìlú rẹ̀ àti fún ilẹ̀ tí ó ń gbé, nígbà tí ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ kún inú rẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, àrùn Ebola ti ilẹ̀ Gínì rékọjá ààlà wọ ìhà ìlà-oòrùn Sàró. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan wà ní abúlé tí à ń pè ní Sokoma, obìnrin olókìkí ni, àwọn aláìsàn sì ń ti Gínì wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kó àrùn náà lára wọn, ó sì kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti àwọn ìlú àyíká ni ó péjọ láti sin ín. Wọ́n fi ọwọ́ kan òkú rẹ̀ láti dágbére fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa àrùn náà lẹ́yìn èyí, wọ́n ṣírò pé ikú tí ó ti inú ìsìnkú kan ṣoṣo yìí jáde lè tó 365.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ara ẹni tí Ebola ṣẹ̀ṣẹ̀ pa a máa léwu púpọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti omi ara rẹ̀ kún fún kòkòrò àrùn náà. Ìfẹ́ tí ọmọ ní sí ìyá rẹ̀ gan-an ni ó wá di ọ̀nà tí ikú ń gbà wọlé. Ní Sàró, bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwa Yorùbá pẹ̀lú, wíwẹ òkú kì í ṣe ọ̀ràn ìmọ́tótó lásán. Gbèsè ni, ẹni tí kò bá sì san án fún òbí rẹ̀ kò lè gbé orí sókè láàárín ẹbí. Ìjọba wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kan òkú mọ́. Wọ́n ní kí a pe nọ́ḿbà 117 lórí tẹlifóònù; àwọn tí ó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tí a kò rí ojú wọn, yóò dé, wọn yóò fi òkú sínú àpò, wọn yóò sì gbé e lọ. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò mọ ibi tí a sin ènìyàn wọn sí. Nítorí náà àwọn ẹlòmíràn fi òkú pamọ́, wọ́n wẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì sin ín fúnra wọn.

Àwọn kan wí nígbà náà pé àìmọ̀kan ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Rédíò ń kéde ewu náà lójoojúmọ́, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, àwọn ènìyàn sì ń rí i pé ẹni tí ó wẹ òkú ní ọ̀sẹ̀ yìí ni a ń sunkún rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ohun tí ó bá wọn jà ni ìrora tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn gbé, tí a kàn ní kí wọ́n tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìmọ̀ nìkan kì í gbé ẹsẹ̀ ènìyàn, bí ọkàn rẹ̀ bá ń sá fún ohun tí ìmọ̀ náà mú wá.

Kí á má sì ṣe fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún kan náà ni ọkùnrin kan gbé àrùn yìí wọ Èkó láti Làìbéríà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Kí oṣù kẹjọ tó dé àárín, ọ̀rọ̀ ti tàn ká gbogbo Nàìjíríà pé kí olúkúlùkù wẹ omi iyọ̀, kí ó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola kì yóò sì lè mú un. Ta ni nínú yín tí ìbátan rẹ̀ kan kò jí ní òru ọjọ́ náà? Àwọn kan dé ilé ìwòsàn nítorí iyọ̀ náà, àwọn kan sì kú. Iyọ̀ kò mọ Ebola rí. Ẹ̀rù inú wa ni a ń fi iyọ̀ lé. Ní àkókò kan náà, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ti aláìsàn náà, wọn kò sì jẹ́ kí ó jáde sínú ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a fi ipá bẹ̀ wọ́n. Òun pàápàá kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó ṣe àìsàn náà ní Nàìjíríà, 8 kú, a sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Èmi kò rò pé ẹ̀rù kò ba àwọn dókítà wọ̀nyẹn.

Nígbà náà, kí ni a ó ṣe sí ẹ̀rù? Ọ̀nà méjì ni gbogbo ènìyàn mọ̀: kí á lé e jáde, tàbí kí á jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ kí á tó padà sí Sàró. A óò rìn jìnnà díẹ̀, nítorí pé ní ilẹ̀ Japan ni ọ̀kan nínú àwọn orísun rẹ̀ wà.

Ní ọdún 1874 ni a bí Morita Shoma. Láti ìgbà èwe ni ìbẹ̀rù ti ń dà á láàmú; nígbà tí ó sì wà ní yunifásítì ní Tokyo, àyà rẹ̀ a máa lù kì-kì-kì, ó sì ń lo oògùn kiri. Wọ́n ròyìn pé nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, owó tí ó ń retí láti ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ kò dé. Inú bí i. Ó da oògùn nù, ó ní bí òun yóò bá kú kí òun kú, ó sì dojú kọ ìwé rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ó yege, àìsàn náà sì fúyẹ́. Bí ìbínú ọmọ sí baba ṣe di oògùn kò yé mi tán, ṣùgbọ́n Morita fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí rẹ̀. Ó di dókítà àti olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Jikei, nígbà tí ó sì fi máa di nǹkan bí ọdún 1919, ó ti fi ẹsẹ̀ ìwòsàn tirẹ̀ múlẹ̀.

Nínú ilé ara rẹ̀ ni ó ń gba àwọn aláìsàn sí. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́, aláìsàn a dùbúlẹ̀ sínú yàrá kan láìsí ìwé, láìsí àlejò, láìsí ìtàkùrọ̀sọ. Ohun gbogbo tí ó ń sá fún a sì wá bá a níbẹ̀. Kò ní sá, kò sì ní bá a jà. Yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ẹ̀rù a máa dé, a máa ga, a sì máa lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e, bí òjò. Lẹ́yìn èyí a fún un ní iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn ó padà sí ilé àti sí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Morita fi ń pe ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní èdè wọn ni arugamama, èyí tí a lè pè ní “bí ó ti rí gan-an.” Aláìsàn a máa wí pé, “Nígbà tí ẹ̀rù bá kúrò lára mi, n óò ṣiṣẹ́.” Morita yí i padà: máa ṣiṣẹ́ tìwọ ti ẹ̀rù rẹ. Ó kú ní ọdún 1938, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní Japan ṣì ń lo ìwòsàn rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tí ó jọ èyí hù ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn èyí, láti gbòǹgbò mìíràn. Ní ọdún 1987, Daniel Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìdánwò kan jáde. Wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe ronú kan béárì funfun; bí ó bá wá sí ọkàn wọn, kí wọ́n lu aago. Aago kò sinmi. Nígbà tí wọ́n sì wá gbà wọ́n láyè láti máa ronú nípa rẹ̀, ó wọ inú wọn ju ti àwọn tí a kò kìlọ̀ fún lọ. Ẹ dán an wò nílé yín ní alẹ́ yìí. Ohun tí a bá fi ipá lé jáde kúrò nínú ọkàn, ẹnu ọ̀nà ni ó ń dúró sí.

Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìwòsàn ni Steven Hayes, tí a bí ní ọdún 1948. Ní ọdún 1978 ó jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ nípa ìmọ̀ ọkàn ní Yunifásítì North Carolina ní Greensboro. Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ kan tí ó kún fún asọ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀; nígbà tí ó kàn án, ó ya ẹnu, ohùn kò sì jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìpayà ti di ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó fi gbogbo ọgbọ́n tí ó kọ́ bá a jà, ṣùgbọ́n bí ó ti ń jà ni ìpayà ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ní òru kan tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ó rò pé àyà òun fẹ́ dá iṣẹ́ dúró, ó pinnu pé òun kì yóò tún sá fún ara òun mọ́. Láti inú òru náà àti láti inú ọdún púpọ̀ ti ìwádìí ni ìwé tí òun, Kirk Strosahl àti Kelly Wilson tẹ̀ ní ọdún 1999 ti jáde. Mo túmọ̀ orúkọ ìwòsàn náà sí Ìwòsàn Ìtẹ́wọ́gbà àti Ìfarajìn. Àwọn lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ACT, jẹ́ odidi ọ̀rọ̀ fúnra wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “gbé ìgbésẹ̀.” Wọn kò fẹ́ kí a pe lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Mo mọ̀ pé nígbà tí mo wí pé “ìtẹ́wọ́gbà,” ọkàn ọ̀pọ̀ nínú yín yóò lọ sí “gba kádàrá.” Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èdè wa ti fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Ẹni tí àjálù dé bá a a ká ọwọ́ lé orí. Ẹni tí ọ̀ràn ti sú a fi ọwọ́ lẹ́rán, tàbí kí ó ká ọwọ́ gbera, kí ó máa wòran. Ẹni tí a gbé nǹkan fún a tẹ́ ọwọ́, yóò sì gbà á, ìbáà wúwo, ìbáà gbóná. Nínú gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí, èyí tí a tẹ́ nìkan ni ó ṣí sílẹ̀, òun nìkan ni ó sì lè dì nǹkan mìíràn mú. Èyí ni ìtumọ̀ ìtẹ́wọ́gbà nínú ìwòsàn yìí: kí ènìyàn gba ìbànújẹ́ rẹ̀ bí ìbànújẹ́, kí ó má sì fi agbára tí ó yẹ kí ó fi ṣiṣẹ́ bá a jìjàkadì.

Àpèjúwe kan tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn ni ti awakọ̀. Ìwọ ni o ń wa bọ́ọ̀sì. Àwọn èrò kan wà lẹ́yìn tí ojú wọn burú, wọ́n ń kígbe pé, “Yà sí òsì! Padà! Ìwọ kò lè dé ibẹ̀!” Bí o bá pa ọkọ̀ tì láti lọ bá wọn jà, ọkọ̀ dúró. Bí o bá yà sí ibi tí wọ́n wí kí wọ́n lè dákẹ́, àwọn ni ó ń wa ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ Ọ̀jọ́ta rí mọ̀ pé èrò lè pariwo títí dé òpin ọ̀nà kí awakọ̀ má sì yà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kò gbọdọ̀ ṣàì mọ ibi tí ó ń lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìfarajìn fi tẹ̀lé ìtẹ́wọ́gbà: a máa ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé kí ni ó ṣe iyebíye fún un, irú ọmọ, irú òbí, irú ará ìlú wo ni ó ń fẹ́ láti jẹ́, a ó sì béèrè ìgbésẹ̀ kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí ó lè gbé sí ìhà ibẹ̀ lónìí pẹ̀lú gbogbo ariwo tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nísinsin yìí a lè padà sí Sàró. Ogun abẹ́lé ti jà níbẹ̀ láti ọdún 1991 títí di ọdún 2002, ó sì fi ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní ọdún 2010, Beate Ebert, obìnrin ará Jámánì tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn, bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Commit and Act láti mú ìwòsàn yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilẹ̀ náà, kí àwọn fúnra wọn lè máa fi kọ́ ara wọn. Ẹni tí ó di òpó iṣẹ́ náà ní ìlú Bo, ní ilẹ̀ àwọn Mende, ni Hannah Bockarie, òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìlú tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Nítorí èyí, nígbà tí Ebola dé ní ọdún 2014, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Àwọn tí ìlú mọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ. Wọ́n fa ilà méjì tí ó dábùú ara wọn, ilẹ̀ mẹ́rin sì yọ nínú rẹ̀, ìbéèrè kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Kí ni ó ṣe iyebíye fún yín? Kí ni ó ń dìde nínú yín tí ó ń dí yín lọ́wọ́? Kí ni ẹ ń ṣe láti sá fún ohun náà? Kí ni ẹ̀ bá máa ṣe bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ṣe iyebíye ni ó ń darí yín? Ẹ kíyèsí i pé kò sí ibi tí a ti wí fún wọn pé kí wọ́n má ṣe sunkún, tàbí pé àṣà wọn kò dára. Ohun tí ó ṣe iyebíye fún wọn ni pé kí wọ́n bu ọlá fún òkú wọn, kí àwọn ọmọ tí ó kù sì yè. Nígbà tí a kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní gbangba, àwọn ará ìlú fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe méjèèjì.

Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ròyìn ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní kí a gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó dúró fún òkú. Òkú gidi lọ pẹ̀lú àwọn aláṣọ funfun. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹbí fi ọwọ́ kàn, tí wọ́n dì mọ́ra, tí wọ́n sì sin. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Ní Bo, ó di ohun tí a fi omijé sin. Bí mo ti ń ka ìròyìn yìí, ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí àjèjì kan tí ó lè pa á láṣẹ. Ká ní ìjọba ni ó fi ìwé ránṣẹ́ pé kí gbogbo ènìyàn lọ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìwọ̀sí ni ìlú ìbá pè é. Àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ronú rẹ̀, wọn kò sì lè ronú rẹ̀ títí wọ́n fi dáwọ́ sísá fún ọ̀fọ̀ náà dúró.

Èmi kò wí pé ìwòsàn yìí ni ó lé Ebola kúrò ní Sàró. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tí ń sin òkú, àwọn ọba ìlú àti àwọn dókítà ni a gbọ́dọ̀ dárúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì kú sí ẹnu iṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014 Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá tún ìlànà ìsìnkú ṣe, tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹbí àti fún àlùfáà àti ìmáàmù láti wà níbẹ̀ ní òkèèrè, kí a má ṣe sin ènìyàn bí ẹni ju ẹrù nù. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni a kéde òpin rẹ̀ ní Sàró. Ènìyàn 14,124 ni a kà mọ́ àwọn tí ó ṣe é, 3,956 ni ó sì kú.

Láti ìgbà náà iṣẹ́ yìí ti tàn kálẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwòsàn ìtẹ́wọ́gbà ṣe ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tí ìdààmú bá, ìpàdé 5 ni, tí ìkọ̀ọ̀kan tó wákàtí 2. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni ó ń kọ́ni, àwọn tí kì í ṣe dókítà ni ó sì ń darí rẹ̀. A dán an wò ní Rhino Camp ní ilẹ̀ Ùgáńdà láàárín àwọn obìnrin 694 tí ogun lé kúrò ní Gúúsù Sùdáànù, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdààmú ọkàn àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà dínkù ju ti àwọn yòókù lọ. Ogun kò tíì dá wọn padà sí ilé wọn. Ohun tí wọ́n gbà ni agbára láti máa bá ọjọ́ lọ.

Ìgbà tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ dé ibí yìí ni ẹni kan máa ń dìde láti béèrè ìbéèrè kan tí ó tọ́: ṣé a kì yóò fi ẹ̀kọ́ yìí pa àwọn tí à ń jẹ níyà lẹ́nu mọ́? Ẹni tí ó da epo sínú odò lè wí fún apẹja pé kí ó tẹ́wọ́ gbà á. Ewu náà wà, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń tẹ́wọ́ gbà ni ìrora tí ó wà nínú ọkàn, kì í ṣe ìwà búburú tí ó fà á. Ní ọdún 2008 ni epo dà ní ẹ̀ẹ̀mejì láti inú ọ̀pá Shell sí odò Bodo ní ilẹ̀ Ògóni, ẹja kú, igi etí omi sì kú. Àwọn ará Bodo kò kọ́ ìwòsàn kankan ní ilé ìwé. Wọ́n ṣọ̀fọ̀ odò wọn, wọ́n sì gbé ọ̀fọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní London, títí ilé iṣẹ́ náà fi gbà láti san mílíọ̀nù 55 owó pọ́n-ùn ní ọdún 2015. Ẹni tí ó bá ń sá fún ìbànújẹ́ odò rẹ̀ kò lè fi ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú adájọ́.

Ọ̀ràn ilẹ̀ àti omi yìí ni ó kù kí n mẹ́nu kàn, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé àwa tí a wà níhìn-ín ti ń ká ọwọ́ gbera jù. Ní ọdún 1983 Joanna Macy, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, tẹ ìwé nípa àìnírètí tí ó bo àwọn ènìyàn ní ìgbà tí ìbẹ̀rù ohun ìjà átọ́míìkì gba ayé kan. Ohun tí ó rí ni pé àwọn tí a rò pé wọn kò bìkítà kì í ṣe aláìbìkítà. Ìrora ni ó pọ̀ lójú wọn tí wọ́n fi mú ojú kúrò. Ó ń kó wọn jókòó ní àgbo kí wọ́n lè sọ ìrora náà jáde, ó sì rí i pé agbára iṣẹ́ a máa tẹ̀lé e. Ìwòsàn ìtẹ́wọ́gbà kọ́ ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Ní ọdún 2021 a tẹ ìwádìí kan jáde tí a fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ 10,000, láti ọmọ ọdún 16 dé 25, ní orílẹ̀-èdè 10, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Nínú 100, àwọn 59 ni ó wí pé ìyípadà ojú ọjọ́ ń kó ìdààmú ńláǹlà bá àwọn. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ nílé wa, à ń wí fún un pé kí ó lọ kà ìwé rẹ̀. Ìmọ̀ràn béárì funfun nìyẹn.

Sàró kò sì tíì jẹ́ kí n lọ. Ní orí àwọn òkè tí ó wà lẹ́yìn Freetown ni abúlé Regent wà, ọ̀kan nínú àwọn tí a tẹ̀ dó fún àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Bathurst, níbi tí Crowther ti kọ́ láti kàwé, kò jìnnà sí i. Láti ọdún púpọ̀ ni a ti ń gé igi àwọn òkè náà, tí a sì ń kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ńlá, apá kan òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ sórí Regent nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì wà lórí ibùsùn. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,100. Ní ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ Ebola bọ́, ta ni ìbá bá wọn wí bí wọ́n bá ká ọwọ́ lé orí?

Ní ọdún 2020, olórí ìlú Freetown, Yvonne Aki-Sawyerr, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígbin igi tí ìfojúsùn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan. Dókítà ọkàn kankan kọ́ ni ó pa á láṣẹ. Àwọn ará àdúgbò ni a ń san owó fún láti gbìn ín àti láti máa tọ́jú rẹ̀. A fún igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tirẹ̀, ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ a sì máa padà lọ sí ìdí rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, a ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀, a sì fi hàn bóyá ó yè tàbí ó kú. Bí ó bá kú, a gbin òmíràn sí ipò rẹ̀.